Èsúsú, kóòpù, owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ tàbí áàpù: níbo ló yẹ kí ẹ ti yáwó?

Oṣù kẹsàn-án ni ọ̀pọ̀ ilé máa ń wọ gbèsè. Owó ilé-ìwé dé, owó ilé ń tẹ̀ lé e, ọjà tó yẹ kí èèyàn kó sílẹ̀ de Kérésì sì ti ń gbówó lórí. Mi ò ní sọ pé kí ẹ má yáwó. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó dúró dáadáa lónìí, owó olówó ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n gbé àwọn ibi tí àwa tó wà ní Ìbàdàn, Ọ̀ṣogbo, Abẹ́òkúta àti Èkó ti ń yáwó kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí n sì fi iye kan náà dán wọn wò: ₦100,000, fún oṣù mẹ́fà.

Ohun tí mo fi ń wọ̀n wọ́n

"Èlé rẹ̀ jẹ́ mélòó?" ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ìbéèrè yẹn nìkan kò tó, nítorí ẹni tó ń yáni lówó ló ń yan bó ṣe máa dáhùn. "4% péré ni" lè jẹ́ lóṣù, ó lè jẹ́ lọ́dún. Ó lè jẹ́ lórí gbogbo owó tí ẹ yá títí ẹ ó fi san án tán, ó sì lè jẹ́ lórí èyí tó kù nílẹ̀ nìkan. Owó méjì ni kí ẹ máa béèrè: iye tó máa wọ ọwọ́ yín gan-an lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, àti àpapọ̀ iye tó máa kúrò lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bọ́. Ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìkejì. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni owó náà ná yín, orúkọ yòówù tí wọ́n ì báà pè é: èlé, owó fọ́ọ̀mù, owó ìbánigbófò, owó iṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ṣé bí ẹ ó ṣe máa san án bá bí owó ṣe ń wọlé fún yín mu? Ẹni tó ń ta ata lójoojúmọ́ lè san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tíṣà tó ń gbowó lópin oṣù kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìwá ibòmíì yá. Àgbẹ̀ tó ń retí kòkó lóṣù kẹwàá kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Bó ṣe máa yá tó náà ṣe pàtàkì, torí ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù kò lè dúró de ìpàdé oṣù tó ń bọ̀.

Èyí tó kù làwọn èèyàn kì í sábà rò tẹ́lẹ̀: bí ẹ bá pẹ́ san, ta ló máa gbọ́?

Èsúsú àti àjọ

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí kò sí èlé. Ẹni mẹ́wàá para pọ̀, kálukú ń dá ₦10,000 lóṣù, ẹnì kan ń kó ₦100,000. Ẹni tó kó o lóṣù kìíní ti yáwó lọ́wọ́ ẹni mẹ́sàn-án, kò sì san kọ́bọ̀ lé e. Ẹni tó kó o kẹ́yìn ló yá àwọn yòókù lówó, òun náà kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tí ọjà bá dúró lójú kan, ìyẹn kì í dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé ọjà ti fi 34.80% wọ́n ju ti oṣù kejìlá ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó kó èsúsú kẹ́yìn lọ́dún yẹn mọ ohun tí mo ń sọ: owó pé, àpò ìrẹsì tó fẹ́ fi rà ti kúrò ní agbára rẹ̀.

Ìgbà tó máa kàn yín ló wá ṣe kókó jù. Bí ẹ bá mọ̀ pé oṣù kẹsàn-án lẹ máa nílò owó, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó pín ìgbà. Kò sí ìwé, kò sí onídùúró. Ojú ni wọ́n fi ń mọ ara wọn. Ẹni tó kó tirẹ̀ tó sì dákẹ́, inú ọjà yẹn náà ló ti máa pàdé àwọn tó jẹ lówó láràárọ̀, ìtìjú yẹn sì lágbára ju ìwé lọ́yà lọ. Níbi tí wọn ò bá ti mọ ara wọn, ìtìjú ò níṣẹ́. Èsúsú orí WhatsApp tí ẹ ò mọ ilé ẹnì kankan nínú wọn, ẹ sá fún un.

Àjọ ojoojúmọ́ yàtọ̀. Alájọ á wá bá yín ní ìsọ̀, ẹ san ₦1,000, ó fàmì sí ojú kan lórí káàdì. Bí ojú 31 bá kún, ẹ gba ₦30,000; ti ọjọ́ kan jẹ́ tirẹ̀. Ìpamọ́ ni, kì í ṣe yíyá, àmọ́ alájọ tó ti mọ̀ yín tipẹ́ lè fún yín lówó kí oṣù tó pé, àwọn mìíràn ò sì ní fi nǹkan kan lé e. Ewu ibẹ̀ ni pé ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ni owó gbogbo ìsọ̀ wà. Kì í sì í ṣe gbogbo alájọ lorí rẹ̀ pé bíi ti Alájọ Ṣómólú, nítorí náà kí káàdì yín máa wà lọ́wọ́ yín.

Kóòpù

Kóòpù, tí àwọn àgbà ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá lè ní sùúrù. Kì í ṣe nǹkan àná: láti ọdún 1935 ni òfin tó fìdí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ti wà ní Nàìjíríà, àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Bó ṣe ń lọ níbi iṣẹ́ àti lọ́jà ni pé ẹ máa fi owó pamọ́ fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà ẹ lè yá ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ní níbẹ̀. Onídùúró méjì tí wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ á fọwọ́ sí i. Bí èlé wọn bá jẹ́ 10% lọ́dún, ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà máa ná yín ní ₦5,000. Èlé tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ san yìí náà ló ń di èrè ẹgbẹ́, apá kan rẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ yín nígbà tí wọ́n bá pín èrè lópin ọdún. Báǹkì kò ní ṣe ìyẹn fún yín láé. Bí ẹ bá sì pẹ́ san, akọ̀wé àti àwọn onídùúró yín ló máa gbọ́, kì í ṣe gbogbo àdúgbò.

Kò yá, ìyẹn ni àléébù rẹ̀. Ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó, àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú yín gbọ́dọ̀ gbà, bí owó bá sì tán nínú àpò ẹgbẹ́, ẹ ó dúró. Ẹ tún ṣọ́ra fún ọjà kóòpù: àgbò Iléyá, fìríìjì, ìrẹsì ọdún. Iye rẹ̀ a máa ga díẹ̀ ju ti ìta lọ, a sì máa jẹ àyè tí ẹ ì bá fi yá owó gidi.

Èyí tó burú jù ni dídúró fún ẹlòmíì. Onídùúró ló ń san bí ẹni tó yá a kò bá san. Láti ìgbà tí jápa ti gbòde, ẹni tí wọ́n ń yọ owó oṣù rẹ̀ fún gbèsè ọ̀rẹ́ tó ti wà ní Manchester kì í ṣe ìròyìn mọ́. Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni, ẹ bi ara yín bóyá ẹ lè fi owó yẹn ta á lọ́rẹ. Kí ẹ tó wọ ẹgbẹ́ pàápàá, ẹ béèrè bóyá wọ́n forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, àti ìgbà tí wọ́n ka ìṣirò owó fún ọmọ ẹgbẹ́ gbẹ̀yìn. Bí alága bá fi àwàdà dáhùn, ìdáhùn yín nìyẹn.

Owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Báǹkì kékeré (microfinance) ló ń yá àwọn obìnrin ọjà lówó yìí ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, wọ́n sì ń san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìgboro ń pè é ní gbọ́mú-lé-lántà, orúkọ yẹn kò sì wá lásán.

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ àtíbàbà, kálukú pẹ̀lú pásíbúùkù rẹ̀. Ọ́físà ń pe orúkọ, wọ́n ń kówó síwájú, ó ń kà á. Ẹnì kan ò wá. Wọ́n pè é, fóònù rẹ̀ kú. Títí owó rẹ̀ yóò fi pé, kò sẹ́ni tó máa dìde. Tòmátò tó wà nínú oòrùn lọ́jà, kó máa wà níbẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án kọjá, àwọn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù dá igba náírà lórí kọ̀ọ̀kan, ₦5,200 pé, wọ́n sì kọrí sílé obìnrin náà. Bí ẹ bá ń béèrè ẹni tó máa gbọ́ bí ẹ bá pẹ́ san, èsì rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ yá ₦100,000. Wọ́n yọ ₦10,000 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìfowópamọ́ tí ẹ ò lè fọwọ́ kàn títí ẹ ó fi san tán, wọ́n yọ ₦3,000 fún fọ́ọ̀mù àti ìbánigbófò. ₦87,000 ló wọ ọwọ́ yín. Ẹ ó san ₦5,200 lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 24, àpapọ̀ ₦124,800, wọn á sì dá ₦10,000 yín padà lẹ́yìn rẹ̀. Owó náà ná yín ní ₦27,800. Wọ́n ní 4% lóṣù ni, irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ ti dá ìdajì owó wọn padà, síbẹ̀ èlé gbogbo ₦100,000 lẹ ṣì ń san. Èlé yẹn nìkan, iye gidi rẹ̀ tó bí ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé, ká má tíì ka owó fọ́ọ̀mù àti owó tí wọ́n yọ sílẹ̀.

Ṣé kí èèyàn wá sá fún un pátápátá ni? Rárá. Kò béèrè ilé, kò béèrè ìwé ilẹ̀, kò béèrè owó oṣù. Obìnrin tó ra ọjà ₦87,000 tó sì ń rí èrè ₦8,000 lórí rẹ̀ lọ́sẹ̀ lè san ₦5,200, kó jẹun, kó sì tún gba èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Ọjà tó ń yára tà ló wà fún. Owó ilé-ìwé kì í bí ₦5,200 lọ́sẹ̀, òrùlé ilé kì í bí i, ìnáwó òkú kì í bí i. Bí ẹ bá sì fi owó pamọ́ síbẹ̀, ẹ rí i pé CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ló fún wọn ní ìwé àṣẹ. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, àjọ NDIC ń dúró fún owó oníbàárà bí báǹkì kékeré bá wó, títí dé mílíọ̀nù méjì náírà, nígbà tó jẹ́ pé ₦200,000 péré ni tẹ́lẹ̀.

Áàpù

Ìṣẹ́jú márùn-ún, owó ti wọlé. Kò sí onídùúró, kò sí ìpàdé, fóònù àti BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ yín ní báǹkì) nìkan. Bí ọmọ bá ń gbóná lóru tí àpò sì gbẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ń fi ẹni tó tẹ áàpù ṣe yẹ̀yẹ́ kò tíì sí nípò yẹn rí.

Ìyára yẹn ni wọ́n ń tà, ó sì wọ́n. Ká sọ pé 15% ni fún ọgbọ̀n ọjọ́: ẹ yá ₦100,000, ẹ san ₦115,000 lópin oṣù, ó parí. Kò dùn, àmọ́ kò pa èèyàn. Ohun tó ń pa èèyàn ni yíyí i. Ẹ san èlé nìkan, wọ́n tún un fún yín. Oṣù mẹ́fà kọjá, ẹ ti san ₦90,000, ₦100,000 wọn sì ṣì wà lọ́rùn yín. Bí ó bá jẹ́ áàpù kejì lẹ fi san ti àkọ́kọ́, tẹ́ ẹ wá fi ìkẹta san ìkejì, ẹ ò yáwó mọ́, ẹ ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn nìyẹn. Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ ọjọ́ méje tàbí mẹ́rìnlá ni wọ́n ń fúnni. Ojú ọ̀nà ni kí ẹ ti yẹra fún irú wọn.

Ní ti ẹni tó máa gbọ́, àwọn áàpù kan sọ ọ́ di ọjà. Wọ́n kó gbogbo nọ́ńbà inú fóònù, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ọ̀gá, pásítọ̀, àna: "Olè ni ẹni yìí." Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé iṣẹ́ kan nítorí irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ní 2023, Google kà á léèwọ̀ fún áàpù ìyánilówó orí Play Store láti máa wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù oníbàárà. Ní oṣù keje ọdún 2025, àjọ FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà gbé òfin tuntun jáde fún gbogbo wọn, ìtanràn rẹ̀ sì lè dé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà. FCCPC ní àkójọ àwọn tó gbàṣẹ lórí ìkànnì rẹ̀. Ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Èyí tí wọ́n bá fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí kò sí lórí Play Store, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Báǹkì ńlá

Ti báǹkì ò gùn. Bí owó oṣù yín bá ń wọ àkáǹtì kan náà déédéé, wọ́n lè yá yín láìsí ohun ìdógò. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024 ni èlé tí CBN fi ń darí àwọn báǹkì ti wà ní 27.50%, kò sì wá sílẹ̀ sí 27% títí di oṣù kẹsàn-án 2025. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé báǹkì ń yáni ní 12%, ètò ìjọba kan ló ń sọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ń tàn yín.

Síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá yẹn dẹ́rù bà yín. Bí ó bá jẹ́ 33% lọ́dún, tí wọ́n sì ń ṣírò èlé lórí èyí tó kù nílẹ̀ nìkan, ₦100,000 fún oṣù mẹ́fà máa jẹ́ bíi ₦18,300 lóṣù, àpapọ̀ èlé rẹ̀ kò tó ₦10,000. Ó kéré gan-an ju "4%" ti ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lọ.

Báǹkì kì í wá sílé yín. Kò nílò rẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2020, ètò GSI ti fún àwọn báǹkì láyè láti yọ gbèsè tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá nínú àkáǹtì èyíkéyìí tó bá so mọ́ BVN oníbàárà, ní báǹkì yòówù kó wà. Wọ́n tún ń fi orúkọ ránṣẹ́ sí àwọn ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà. Kọ̀ǹpútà ló wá ń bẹ́ igi náà báyìí. Òfin ọdún 2017 fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí àkọsílẹ̀ tiyín lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ béèrè fún un, ní pàtàkì bí ẹ bá ti fi áàpù yáwó rí, torí gbèsè kékeré tí ẹ ti gbàgbé lè wà níbẹ̀.

Àwìn àti sògúndogójì

Ọjà àwìn lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà fún yín tó sì mọ̀ yín dára ju owó yíyá lọ níye ìgbà, torí ọjà ló fún yín, ẹ ò lè fi jẹun. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà fi aṣọ àwìn la ìlú púpọ̀. Kí ẹ sáà béèrè iye tí wọ́n ń tà á lówó lójú ẹsẹ̀ àti iye àwìn. Ìyàtọ̀ méjèèjì ni èlé yín. Fóònù tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ náà nìyẹn, àfi pé òun máa ń ti ara rẹ̀ pa bí ẹ bá pẹ́ san. Ẹni tó ń fi fóònù náà ṣòwò kò gbọ́dọ̀ gbà á.

Sògúndogójì, olówó èlé tó ń sọ ogún di ogójì? Ẹ fi sílẹ̀.

Bí ẹ bá ti wà nínú rẹ̀

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé kan: ẹni tí ẹ jẹ, iye tó kù, ọjọ́ sísan, èlé lóṣù. Èyí tí èlé rẹ̀ ga jù ni kí ẹ kọ́kọ́ pa, kì í ṣe èyí tí olówó rẹ̀ ń pariwo jù. Áàpù ló sábà máa ń jẹ́. Bí kóòpù bá lè yá yín láti fi san án tán, ó bọ́gbọ́n mu, bí ẹ bá máa yọ áàpù náà kúrò lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ní ti owó ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ pe ọ́físà kí ọjọ́ tó pé, ẹ má pa fóònù. Ọ̀pọ̀ wọn lè tún ọjọ́ yín tò, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe fún ẹni tí wọn ò rí.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù: kóòpù ni, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pamọ́ síbẹ̀ kí ó tó nílò owó. Bí àyè ò bá sí níbẹ̀, báǹkì tí owó oṣù rẹ̀ ń wọ̀.

Oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ń tà láàárín ọ̀sẹ̀ kan: èsúsú lákọ̀ọ́kọ́, àwìn lọ́wọ́ ẹni tó ń kó ọjà fún un, lẹ́yìn náà ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí ọjà rẹ̀ ń pẹ́ kó tó tà, bíi aṣọ òkè tàbí àga, kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ rárá.

Àgbẹ̀: kóòpù àwọn àgbẹ̀ tó ń gba owó lẹ́yìn ìkórè. Kò sí èyí tó bá a mu nínú àwọn yòókù.

Ẹni tí pàjáwìrì bá tí owó oṣù rẹ̀ sì máa dé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́: áàpù tó wà nínú àkójọ FCCPC, iye tó kéré jù tó lè gbé e, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹni tí kò tíì mọ ibi tí owó tó máa fi san án ti máa wá: kó má yá a níbì kankan nínú wọn. Kó lọ bá onílé, kó lọ bá bọ́sà ilé-ìwé kó tó di ọjọ́ ìwọlé, kó sì béèrè kó san án lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé aládàáni máa ń gbà, wọn ò sì ní fi èlé lé e.